Ẹ̀rọ ní ìwé tí mo kọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ le jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àbẹ̀kẹ́ Olùkọ̀wé | Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìwé pélébé kan fún mi, èyí tí wọ́n fẹ́ máa pín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká. Ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lé: bí wọn yóò ṣe po ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti bí wọn yóò ṣe fún ọmọ ní oògùn síńkì. Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún mi ní kò gbọ́dọ̀ le ju ohun tí ọmọ pírámárì 6 lè kà lọ, àti pé kí n fi ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n kí n tó fi ránṣẹ́.

Mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ní kíláàsì 23 ni! Mo gé e, mo tún un gé, ó bọ́ sí 17, kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi wo gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

"Ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ àìsàn kan tí ó máa ń fa ìpàdánù omi ara lọ́nà tí ó lè ṣokùnfà ikú àwọn ọmọdé tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ọdún márùn-ún, nítorí náà ìpèsè àti ìlò omi ORS ní àsìkò tí ó yẹ jẹ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn òbí láti mọ̀."

Èyí tó wà ní ìparí rèé: "Ó pọn dandan kí ìlò oògùn síńkì máa tẹ̀síwájú fún ọjọ́ mẹ́wàá láìka ìdáwọ́dúró ìgbẹ́ gbuuru sí."

Ṣé èmi ni mi ò mọ Yorùbá kọ ni, àbí ẹ̀rọ ni kò gbọ́ Yorùbá? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

Tèmi Ò Le | 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ gé e. Gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é lórí búlọ́ọ̀gì mi nìyẹn. Ìṣirò Flesch ni ẹ̀rọ yẹn ń lò, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ní kí Flesch ṣe é fún wọn, torí náà kì í ṣe nǹkan eré.

Bàbá Tíṣà Òṣogbo | 10:05 àárọ̀

Àbúrò mi Tèmi Ò Le, ẹni méjì lo sọ di ẹyọ kan yẹn. Rudolf Flesch, ọmọ Vienna tó sá fún àwọn Násì wá sí Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tiẹ̀ jáde ní 1948. Tirẹ̀ kì í sọ kíláàsì rárá. Máàkì ló ń fúnni, bí máàkì bá ṣe ń sún mọ́ 100 ni ìwé ṣe ń rọrùn sí i. Ní 1975 ni J. Peter Kincaid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, tí wọ́n sọ ọ́ di kíláàsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ ogun á lè ka ìwé tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ní Ẹgbẹ́dá kò sí nínú ọkọ̀ ogun.

Ohun méjì péré ni ìṣirò náà ń kà: ọ̀rọ̀ mélòó ló wà nínú gbólóhùn, sílébù mélòó ló wà nínú ọ̀rọ̀. Ẹ fi 0.39 sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 11.8 sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ yọ 15.59 kúrò. Ó tán. Ó bá èdè òyìnbó mu, torí ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé, èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Látìn, tó gùn gbọọrọ, ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Àwa ńkọ́? Omi, ilé, ọmọ, ìyá, ọjà: sílébù méjì-méjì ni gbogbo wọn. Ta ni "omi" le fún?

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣe é. "Ọmọ kékeré lè tibẹ̀ kú." Ọ̀rọ̀ 5, sílébù 9. 5 lọ́nà 0.39 jẹ́ 1.95. Ẹ pín 9 sí ọ̀nà 5, ó jẹ́ 1.8, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 11.8, ó di 21.24. Àpapọ̀ rẹ̀ 23.19. Ẹ yọ 15.59, ó ku 7.6. Gbólóhùn tí ọmọ ọdún mẹ́rin á gbọ́, ẹ̀rọ ní àfi ẹni tó bá ti wọ JSS!

Èyí tó tún wá burú jù: "ní inú ilé" jẹ́ ọ̀rọ̀ 3, sílébù 5, ó sì bọ́ sí kíláàsì 5.2. "Nínú ilé" jẹ́ ọ̀rọ̀ 2, sílébù 4, kíláàsì 8.8. Ohun kan náà mà ni!

Àbẹ̀kẹ́, mo ka gbólóhùn yín àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ 54, kọ́mà ẹyọ kan. Ìyẹn ni mo lè bá yín jà lé lórí, kì í ṣe kíláàsì 23.

Dèfù Yábàá | 10:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àwọn kan á ní kí ẹ lo LIX, ìṣirò mìíràn tó ń wọn bí ìwé ṣe le tó, tí Carl-Hugo Björnsson ṣe ní Sweden ní 1968, torí kì í ka sílébù, lẹ́tà ló ń kà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ju lẹ́tà 6 lọ, gígùn ni. Ó jọ ohun tó máa bá wa mu, àbí? Wàhálà ibẹ̀ rèé. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò sí "ọ̀" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan: lẹ́tà dá wà, àmì òkè dá wà. "Ọ̀rọ̀" jẹ́ lẹ́tà 3 lójú èmi àti ẹ̀yin. Bí wọ́n bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, 7 ni kọ̀ǹpútà á kà. Ó ti di ọ̀rọ̀ gígùn nìyẹn! Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé a, e, i, o, u nìkan ni fáwẹ́lì tí wọ́n mọ̀, ẹ àti ọ kò kàn wọ́n. Kí ẹ tó gba nọ́ńbà ẹ̀rọ kankan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa wí.

Nọ́ọ̀sì Wẹ́lífíà | 12:50 ọ̀sán

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìṣirò o. Mo ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí. Ọdún 16 ni mo ti ń gbé ọmọ lé ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí.

Wọ́n tẹ ìwé kan wá fún wa rí, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n fún ọmọ lóúnjẹ "igba mẹta lojumọ". Ìyá kan kà á, ó wò mí lójú, ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ṣé igbá ńlá ni, àbí igbá kékeré?" Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló gbé dání o! Obìnrin náà kì í ṣe òpè, ó parí girama. Ohun tó wà nínú ìwé náà ló kà.

Èkejì, lítà. Ìwé á ní "lítà omi kan". Ilé ta ni lítà wà? Pure water ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ pure water méjì, ó parí. Ẹ kọ ife, ẹ kọ ṣíbí. Àti pé mi ò tíì rí ìyá tó wọlé wá kó ní "ọmọ mi ń pàdánù omi ara". Ohun tí wọ́n ń wí ni "ojú ẹ̀ ti jìn", "kò tọ̀ látàárọ̀", "ó kàn ń sùn ṣáá". Àmì tó yẹ kó lé wọn wá bá wa náà nìyẹn, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé eyín o. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe eyín tó ń hù ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń dúró sí: "Eyín ni, ó máa lọ." Bí ẹ ò bá dá wọn lóhùn níbẹ̀, ìwé yín lè rọrùn bí ẹ̀kọ tútù, wọn ò ní ṣe ohun tó wí.

Tèmi Ò Le | 1:15 ọ̀sán

Mo gba ìbáwí lórí Flesch, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká da nọ́ńbà nù pátápátá. Ọ̀rọ̀ 54 pọ̀ jù nínú èdè yòówù, èèyàn ò sì nílò sílébù kó tó ka ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe máa gé e rèé:

"Ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru. Omi ara rẹ̀ ń tán. Ó lè kú. Ẹ po ORS. Ẹ fún un mu. Ẹ fún un ní síńkì. Ẹ má dúró."

Kò sí èyí tó ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ níbẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Àárọ̀ | 2:02 ọ̀sán

Àbúrò, ta ló ń lé ọ? Bí mo bá ka èyí lórí rédíò, wọ́n á rò pé ṣọ́jà ni mò ń pàṣẹ fún. "Ẹ má dúró": kí wọ́n má dúró de kí ni? Gígé lo gé e, o ò tún un ṣe. Yorùbá ní "bí" ó ní "bá", ó ní "torí", ó ní "kí a tó", ó ní "títí". Àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ yẹn ló ń so ohun tí a ní kí èèyàn ṣe mọ́ ìdí tó fi yẹ kó ṣe é. Bí o bá yọ wọ́n dànù, ìyá ọlọ́mọ ni yóò máa fúnra rẹ̀ wá okùn tí yóò fi dì í.

Tèmi ni pé kí ẹ kà á sókè. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ o, ẹlòmíràn ni kó kà á, kí ẹ̀yin mú bírò dání. Ibi tó bá ti mí láìsí kọ́mà, ẹ fàlà sí i. Ibi tó bá ti padà lọ kà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fàlà méjì. Ibi tó bá sì ti yí ọ̀rọ̀ yín padà sí tẹnu ara rẹ̀ láìmọ̀, ẹ yára kọ ohun tó sọ sílẹ̀, torí tiẹ̀ ló dáa jù. Bí olóòtú bá kọ "ṣe ìdádúró" fún mi, ahọ́n mi á ti kà á sí "dá dúró" kí ojú mi tó débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àmì yẹn tán. Ìwé ìròyìn tí à ń kà látọjọ́ yìí, ṣebí àmì díẹ̀díẹ̀ ló wà lórí wọn, a sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Bí ẹ bá da àmì bo gbogbo lẹ́tà, igbó ni ẹlòmíràn máa rí.

Bàbá Tíṣà Òṣogbo | 3:30 ìrọ̀lẹ́

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ohun tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lo ń kà nínú ìwé ìròyìn. Ìjà àwọn olóṣèlú, ta ni kò mọ ibi tó ń lọ? Ìwé oògùn ò rí bẹ́ẹ̀, ìyá yẹn kò gbọ́ ọ rí, kò ní ibi tó máa fẹ̀yìn tì bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Àkọtọ́ 1974 ti gbà wá lọ́wọ́ "aiye" àti "enia". Ẹ má dá wa padà síbi tí a ó ti máa méfò láàárín igbá àti ìgbà.

N ó gbà fún ọ níbì kan: igbó náà wà lóòótọ́. Bí lẹ́tà bá kéré, tí ìlà sì sún mọ́ra, àmì ìlà ìsàlẹ̀ á máa gun ẹsẹ̀ ìlà òkè. Kí ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí àyè ìlà fẹ̀ dáadáa.

Dèfù Yábàá | 3:44 ìrọ̀lẹ́

Fọ́ńtì náà ńkọ́! Wọ́n ti bá mi tẹ káàdì ìgbéyàwó kan rí ní Ṣómólú, "ọkọ ìyàwó" di "□k□ ìyàwó". Ojú ti ìdílé méjèèjì. Ẹ má gbé fáìlì Word lásán fún atẹ̀wé. PDF tí fọ́ńtì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ, kí wọ́n sì tẹ ẹyọ kan kí ẹ fojú rí i kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Ọmọ Kétu | 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mò ń kí yín láti Bénin o. Lọ́dọ̀ tiwa, ɛ àti ɔ la máa ń kọ, a sì ń kọ sh níbi tí ẹ̀yin ti ń kọ ṣ, torí náà kò sí àmì nísàlẹ̀, tòkè nìkan ló kù. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá gbé ìwé Ìbàdàn, ó máa ń kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lójú. Èyí tí ojú bá ti mọ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ògbufọ̀ Peckham | 9:20 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Gbogbo yín ń sọ gígùn, ẹ ń sọ àmì, ẹnì kankan ò tíì fọwọ́ kan ibi tó ń dun ìwé náà gan-an. Òyìnbó tó wọ agbádá ni. "Ìpèsè àti ìlò omi ORS": ta ló ń pèsè? Ta ló ń lò? Èèyàn kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ wo ni ẹ gbọ́ kí ìyá sọ fún ìyàwó ilé pé "ìlò iyọ̀ ṣe pàtàkì nínú ọbẹ̀ yìí"? Á ní kó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé yín, gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi "ì" tàbí "à" bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà nínú ikùn rẹ̀, ẹ fa ọ̀rọ̀-ìṣe náà jáde, kí ẹ wá ẹni tó máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú tìparí yẹn. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa sọ ọ́ rèé: "Bí ìgbẹ́ náà bá tilẹ̀ dá, ẹ má yéé fún un ní síńkì títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé." Ẹ kà wọ́n. Tiyín jẹ́ ọ̀rọ̀ 17. Ti ìyá àgbà jẹ́ 19. Tèmi Ò Le, ṣé o rí i? Èyí tó gùn ló rọrùn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń bá èyí jà. Níbí ní London, ní 1979, Chrissie Maher fa ìwé ìjọba ya ní gbangba ní Parliament Square, òun ló dá Plain English Campaign sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà pé kí wọ́n máa fi òyìnbó tó rọrùn kọ̀wé fún aráàlú. Ìwé tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ń fà ya, a tún wá ń túmọ̀ rẹ̀ wọ́rọ́-wọ́rọ́ fún ìyá wa.

Nọ́ọ̀sì, pure water méjì yẹn ń bà mí lẹ́rù o. Ṣé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn?

Nọ́ọ̀sì Wẹ́lífíà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:45 àárọ̀

Ó yẹ kó bà yín lẹ́rù, mo yára jù. Èyí tí wọ́n kọ 50cl sára ọ̀rá rẹ̀ ni méjì rẹ̀ jẹ́ lítà kan. Pàkẹ́ẹ̀tì ORS pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: ti lítà kan wà, ti ààbọ̀ lítà wà, ti 200ml náà wà. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ. Bí omi bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Àbẹ̀kẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n máa pín, kí ẹ kọ ìwé fún ìyẹn nìkan, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ẹ bá sì ti fẹ́ kọ pé kí wọ́n dà á nù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ kọ "bó bá di àkókò yìí lọ́la, ẹ da èyí tó kù nù". Wọ́n máa ń rántí ìyẹn.

Bàbá Tíṣà Òṣogbo | 9:00 àárọ̀

Bí ọ̀gá yín bá ṣì fẹ́ nọ́ńbà, ọ̀nà kan wà tí kò kan sílébù. Wilson Taylor ló gbé e wá ní 1953. Ẹ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa pa ọ̀rọ̀ karùn-ún-karùn-ún rẹ́, ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹ gbé e fún irú àwọn tí ẹ ń kọ ọ́ fún, kí wọ́n dí àyè náà, kí ẹ ka iye tí wọ́n gbà. Ẹ ṣe ti àtijọ́, ẹ ṣe tuntun, ẹ fi wéra. Kí ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí karùn-ún bá bọ́ sórí "ń" tàbí "tí" tàbí "ó", ẹnikẹ́ni á dí i láìronú. Èmi máa ń fo irú ìyẹn, mo máa ń pa èyí tó tẹ̀ lé e. Àfikún tèmi ni o, kì í ṣe ti Taylor. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá síwèé, kó fẹnu sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Olùkọ̀wé | Ọjọ́bọ̀, 7:25 alẹ́

Mo dé o, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àná, mo gbé ti àtijọ́ àti tuntun lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ọmọ, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́fà. Nínú ti àtijọ́, kò sí ẹni tó dí ìdajì àyè náà. Ọ̀kan tilẹ̀ dá a padà fún mi, ó ní ìwé lọ́yà ni. Báyìí ni tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń bá a lọ. Kì í ṣe eyín tó ń hù ló fà á. Bí omi náà bá lọ jù, ojú ọmọ á jìn, kò ní tọ̀, ó sì lè kú. Torí náà, ẹ tètè po ORS fún un kó tó rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n kà á já, ojú wọn ò dúró níbì kankan, àfi ibi kan tí mi ò ronú kàn rárá. Ìyá kan kà dé "ẹ tètè po ORS", ó ní: "Ṣé bí a ṣe ń po ẹ̀kọ ni? Ṣé kí omi hó?" Mo wo Tíṣà inú mi, mo wo Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú mi, kò sí èyí tó kìlọ̀ fún mi! Mo ti fi kún un: "Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ fi pò ó. Bí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ má gbé e kaná."

Ọ̀gá mi ṣì ní òun fẹ́ kíláàsì. Mo bá ṣe bí Dèfù ṣe wí, mo tẹ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan sínú ẹ̀rọ níwájú rẹ̀: "Omi." Ó ní kíláàsì 8.4. Ọ̀gá wò ó títí, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó bi mí pé mélòó ni atẹ̀wé ń gbà.

Dèfù Yábàá | 7:31 alẹ́

Mọ́mì, PDF o! Ẹ jọ̀ọ́.